IRÚGBÌN MÉJÌ: Ẹ̀KỌ́ TÍ MO RÍ LÁRA ÌRÌN ÀJÒ ÌYÌNOLÚWA ABÓYÈJÍ

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, kó tọ́jú ẹ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n kó rí i pé òun kà á tán.

Láìpẹ́ yìí, ó tó ìyá mẹ́rin tó ti wá bá mi pé kí n bá àwọn gbàdúrà kí ọmọ àwọn lè dà bí Ìyìn Abóyèjí. Àwọn míì ò tiẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀ dáadáa. Wọ́n á ní, "Pásítọ̀, ọmọ Yorùbá yẹn, èyí tó wà nínú àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà méjì sílẹ̀, tí méjèèjì di bílíọ̀nù dọ́là." Mo máa ń ṣe Àmín. Àdúrà rere ni. Àmọ́ mo máa ń bi wọ́n léèrè pé: èwo gan-an lẹ fẹ́ nínú ìrìn ẹ̀? Ṣé ìkórè nìkan ni, àbí gbígbìn náà wà ńbẹ̀?

Èmi àti ọ̀gbẹ́ni yìí ò pàdé rí o. Èmi kọ́ ni pásítọ̀ ẹ̀, kò sì rán mi níṣẹ́. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nípa iṣẹ́ ẹ̀ ni mo fẹ́ fi bá yín sọ̀rọ̀, torí pé ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń da àwa èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì láàmú. Ọ̀rọ̀ náà ni síìdì. Tí a bá ní kí ẹ gbin síìdì nínú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa la mọ ohun tí a ń sọ. Àwọn ọmọ tẹkinọ́lọ́jì náà ní síìdì tiwọn: owó àkọ́kọ́ tí èèyàn fi sínú ilé-iṣẹ́ tuntun, síìdì ni wọ́n ń pè é. Orúkọ jọra, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá fi ọ̀kan pe èkejì, ilẹ̀ ẹ̀ lè bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìrìn ọmọkùnrin náà.

Ọdún 1991 ni wọ́n bí i. Loyola Jesuit College l'Ábùjá ló ti ṣe sẹ́kọ́ńdírì, kó tó lọ sí Yunifásítì Waterloo ní Kánádà. Ẹ̀yin òbí tí ẹ rò pé ọmọ tí ò bá ka kọ̀ǹpútà ò lè dé ibì kankan, ẹ gbọ́ o: kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló kà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa òfin ló kà. Ìgbà tó wà nílé ìwé yẹn lòun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Bookneto. Ẹ̀yin tí ẹ ń dárúkọ Abóyèjí lójoojúmọ́, mélòó nínú yín ló gbọ́ orúkọ Bookneto rí? Ẹ̀ẹ́n, ẹ ò gbọ́ ọ rí. Lẹ́yìn náà ni Fora dé, èyí tó fẹ́ máa gbé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì wá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Ìyẹn náà ò di ohun tí wọ́n ń pariwo kiri ayé. Inú ẹ̀ ni Andela ti jáde lọ́dún 2014.

Òun nìkan kọ́ ló dá Andela sílẹ̀. Ó ní àwọn tí wọ́n jọ ṣe é, àwọn bíi Jeremy Johnson àti Christina Sass láti Amẹ́ríkà, àtàwọn míì. Ohun tí wọ́n ṣe yé mi dáadáa. Dípò kí ọ̀dọ́ san owó ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní kí àwọn tí orí wọn pé wá, wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, wọ́n ń sanwó oṣù fún wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, lẹ́yìn náà wọ́n fà wọ́n lé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá òkè òkun lọ́wọ́. Ọmọ á jókòó sí Èkó, á máa ṣiṣẹ́ fún Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń du àyè náà pọ̀ débi pé nínú ọgọ́rùn-ún, ó ṣòro kí wọ́n tó mú ẹnì kan.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, àjọ Mark Zuckerberg àti ìyàwó ẹ̀ ló ṣíwájú àwọn tó kó mílíọ̀nù dọ́là 24 sínú Andela. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Zuckerberg fúnra ẹ̀ balẹ̀ sí Èkó, ó ń fẹsẹ̀ rìn ní Yábàá. Ẹ rántí bí orí Facebook ṣe gbóná nígbà yẹn!

Lọ́dún 2016 yẹn náà, Abóyèjí ti bọ́ sídìí nǹkan míì. Òun àti Olúgbénga Agboọlá pẹ̀lú àwọn mìíràn dá Flutterwave sílẹ̀. Ẹ wo ìṣòro tí wọ́n rí: ọlọ́jà kan wà l'Ékòó, oníbàárà ẹ̀ wà ní Kẹ́ńyà tàbí Gánà. Owó wọn yàtọ̀, báńkì wọn yàtọ̀, káàdì wọn yàtọ̀. Báwo ni owó ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà láìsí wàhálà? Ọ̀nà tí owó á gbà kọjá yẹn ni wọ́n là. Abóyèjí ló jẹ́ ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Lọ́dún 2018, ó gbé àga náà fún Agboọlá, ó sì kúrò.

Oṣù kẹta ọdún 2021 ni Flutterwave gba mílíọ̀nù dọ́là 170 lọ́wọ́ àwọn olùdókòòwò, tí wọ́n sì ní iye rẹ̀ ti lé ní bílíọ̀nù kan. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn náà ni Andela gba mílíọ̀nù 200, wọ́n ní iye tiẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù kan àtààbọ̀.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lu agogo bílíọ̀nù, ọkùnrin yìí ti kúrò lórí àga méjèèjì tipẹ́. Ẹlòmíì ló wà níbẹ̀. Ibí yìí kan àwa pásítọ̀ pẹ̀lú o. Mélòó nínú wa ló lè gbé iṣẹ́ tó ń dàgbà fún ẹlòmíì, kó sì máa lọ gbin òmíràn?

Òmíràn tó lọ gbìn náà ni Future Africa. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kí wọ́n kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn tó ní i, kí wọ́n máa fi sínú ilé-iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an rèé, ẹ fara balẹ̀.

Ẹni tó ń fi owó sí ilé-iṣẹ́ tuntun kì í yáni lówó. Ìpín ló ń rà. Tí ilé-iṣẹ́ bá dàgbà, ìpín ẹ̀ dàgbà. Tó bá kú, owó ẹ̀ kú, kò sì ní lọ bá ọmọ ọlọ́mọ ja lójúde. Gbogbo olùdókòòwò tó mọṣẹ́ ló mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí òun gbìn kò ní í hù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín owó sí ọ̀pọ̀ ibi, kí ọ̀kan tàbí méjì tó bá hù lè dí àwọn tó kú. Oníwàásù orí kọkànlá ti sọ ọ́ fún wa tipẹ́ pé ká má kó gbogbo ohun tí a ní sójú kan. Afúnrúgbìn inú òwe Jésù náà ńkọ́? Oríṣi ilẹ̀ mẹ́rin ni irúgbìn ẹ̀ bọ́ sí, ẹyọ kan ló so.

Ẹ wo méjì tó ṣẹlẹ̀ níwájú gbogbo wa. Ọdún 2015 ni wọ́n dá Paystack sílẹ̀ l'Ékòó. Ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, Ṣọlá Akínlàdé, Babcock tó wà ní Ìlíṣàn níbí ló lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, Stripe ti Amẹ́ríkà rà á ní iye tó lé ní mílíọ̀nù dọ́là 200. Ó dáa. Ọdún 2019 ni 54gene náà bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣèwádìí nípa ẹ̀jẹ̀ àti àbùdá àwa èèyàn Áfíríkà. Iṣẹ́ gidi ni. Ó rí owó tó lé ní mílíọ̀nù dọ́là 40 gbà. Lọ́dún 2023, ó kógbá sílé. Ṣé àwọn tó fi owó sí 54gene ya òmùgọ̀ ni? Rárá o. Àwọn ọlọ́gbọ́n náà ni. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé irúgbìn báyìí ló máa hù.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bílíọ̀nù yẹn kó yín láyà jẹ. Kì í ṣe owó tó wà nílẹ̀ ní báńkì. Ká ní ẹ ní pọ́ọ̀tù ilẹ̀ mẹ́wàá ní Mọ́wé, tí ẹnì kan wá ra ọ̀kan ní mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Aládùúgbò á ní, "Háà, ẹni yìí ti ní àádọ́ta mílíọ̀nù!" Mílíọ̀nù márùn-ún lẹ ní lọ́wọ́ o. Mẹ́sàn-án tó kù, ó dọjọ́ tí ẹ bá rí ẹni rà á. Andela tí mo ń sọ yìí, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ó dá àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 200 dúró lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Nàìjíríà. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní ó di bílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Àwọn ìyá tó ń gbàdúrà bílíọ̀nù, ṣé wọ́n rántí ìyá ọmọ tó gbé lẹ́tà wálé ní 2019?

Mo fẹ́ yà á sọ́tọ̀ báyìí kó lè yé wa.

Síìdì ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọrẹ ni. Ọlọ́run lẹ fún. Ẹ ò ra ìpín kankan nínú ṣọ́ọ̀ṣì, èmi pásítọ̀ ò sì lè kọ ìwé fún yín pé ọjọ́ báyìí ni ìlọ́po báyìí máa dé. Ẹni tó bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún yín ti sọ pẹpẹ dọjà.

Síìdì ti startup, òwò ni. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé, ó gbọ́dọ̀ ní ìpín, ó sì lè kú.

Ìkẹta wà tí kì í ṣe ọrẹ, tí kì í sì í ṣe òwò: sogúndogójì. Òun ló máa ń fi orúkọ méjèèjì bojú. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Lọ́dún 2016 tí Zuckerberg ń rìn ní Yábàá, MMM wà nílùú. Ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan ni wọ́n ń ṣèlérí. Ẹ ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú fóònù yín: tí ẹ bá fi ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà sílẹ̀, tí ẹ ń dá èrè padà sínú ẹ̀ lóṣooṣù, ọdún kan ò ní í tán tó fi máa lé ní mílíọ̀nù méjì náírà. Òwò wo ló ń mú irú ẹ̀ wá? Nígbà tó di oṣù kejìlá, wọ́n tilẹ̀kùn. Ṣé a gbọ́n lẹ́yìn ẹ̀? Lọ́dún 2025, CBEX tún dé, ó tún wó, àwọn tí inú ń bí sì ya wọ ọ́fíìsì ẹ̀ n'Íbàdàn, wọ́n ń gbé àga.

Ní 2016 yẹn, àwọn kan wá bá mi pé kí n fún àwọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún lórí pẹpẹ kí àwọn fi ṣàlàyé ètò owó kan fún ìjọ. Mi ò gbà. Ìdílé méjì bínú kúrò nínú ìjọ wa torí ẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n pẹpẹ ò kí ń ṣe gáréèjì.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti ìyá kan. Òun àti ọmọ ẹ̀ fún mi láyè láti sọ ọ́, mo kàn ní n kò ní í dárúkọ. Opó ni, ó ń ta aṣọ. Pọ́ọ̀tù ilẹ̀ kan ṣoṣo ni ọkọ ẹ̀ fi sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ń ṣe nǹkan kan lórí fóònù tí àwọn alájàpá á fi máa rí ọkọ̀ tí á kó ẹrù wọn láti ọjà oko. Ìyá fẹ́ ta ilẹ̀ náà fún un. Ó gbé ìwé ilẹ̀ sórí tábìlì mi, ó ní, "Pásítọ̀ mi, ẹ gbàdúrà sí i. Síìdì ni." Ọmọ náà ní, "Dádì, kí oṣù mẹ́fà tó pé, màá dá owó màmá mi padà ní ìlọ́po mẹ́ta."

Mo ní kí wọ́n jókòó ná. Mo bi ọmọ náà pé, "Alájàpá mélòó ló ti sanwó fún ẹ?"

Ó ní, "Dádì, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an."

Mo ní, "Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀. Ta ló ti sanwó?" Ó dákẹ́.

Mo ní, "Tí owó yìí bá tán tí ò mú nǹkan kan wá, ibo ni màmá ẹ máa gbé tó bá darúgbó?" Ó tún dákẹ́.

Mo wá ní, "Kí ni màmá ẹ ní nínú ilé-iṣẹ́ náà? Ìwé ẹ̀ dà?" Ìyá ló dáhùn. Ó ní, "Háà, Pásítọ̀! Ìwé kí ni kí n gbà lọ́wọ́ ọmọ tí mo bí?"

Mo ní, "Màmá, àwọn àjèjì tó fi owó sí Andela, ìwé ni wọ́n gbà. Tí owó àjèjì bá sọnù, á gbà fún Ọlọ́run, á sì máa lọ. Ìyá àtọmọ tó bá ń bínú síra wọn nítorí owó, inú ilé kan náà ni wọ́n á ti máa bá a yí."

Wọn ò ta ilẹ̀ yẹn. Ìyá yọ díẹ̀ nínú àjọ tó kó, iye tí kò lè da ọjà ẹ̀ rú. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ ti ìyá, pé kì í ṣe gbèsè, pé tó bá kú, kò sẹ́ni tó jẹ ẹnì kan ní kọ́bọ̀. Èèyàn méjì fọwọ́ sí i. Ìgbà yẹn la wá gbàdúrà.

Ọmọ náà ṣiṣẹ́ fún ọdún kan àti oṣù méjì. Kò rọgbọ. Àwọn awakọ̀ ò fẹ́ lo nǹkan náà, owó epo ń gòkè. Ó pa á tì. Owó ìyá lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wà níbẹ̀ títí dòní, ọmọ náà sì ń fi ìmọ̀ tó kó jọ níbẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan báyìí. Lọ́jọ́ kan, ìyá ní kó tún gbìyànjú òmíràn, pé òun á tún fi díẹ̀ sí i. Ẹ rí i? Ìyá yẹn ti di olùdókòòwò gidi.

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé ìgbàgbọ́ mi ló kéré, pé ó yẹ kí n jẹ́ kó ta ilẹ̀ náà nípa ìgbàgbọ́. Mo ní kó lọ ka Lúùkù orí kẹrìnlá, níbi tí Jésù ti ń sọ nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́. Kíka owó kí a tó kọ́lé kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gba èyí lẹ́nu mi. Tí ọmọ yín bá jókòó ti kọ̀ǹpútà lóru, ẹ má yára pè é ní ọmọ Yahoo. Ẹ jókòó tì í, ẹ ní kó ṣàlàyé ohun tó ń ṣe. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ gidi á lè ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá ẹ̀ ní Yorùbá. Tí ẹ bá fẹ́ fún un lówó, ẹ fún un ní èyí tó bá sọnù tí ẹ ṣì máa jẹun, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi ilé tí ẹ ń gbé ṣe é. Ẹ má yá owó èlé ṣe é.

Tí àjèjì bá sì wá bá yín pé kí ẹ mú owó wá fún startup kan, ẹ bi í léèrè kí ni wọ́n ń tà àti ta ló ń rà á. Tó bá fi ìwé CAC hàn yín, ìyẹn kàn fi hàn pé wọ́n forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Kò sọ pé wọ́n láṣẹ láti máa gba owó ìdókòòwò kiri lọ́wọ́ ará ìlú. SEC ló ń fúnni nírú àṣẹ yẹn, òfin tuntun tí Ààrẹ buwọ́ lù lọ́dún 2025 sì ti fi ẹ̀wọ̀n sí i fún ẹni tó bá ń ṣe sogúndogójì. Ẹni tó bá ní èrè yín dájú, pé iye báyìí ni lóṣooṣù, ẹ gbé báàgì yín, ẹ máa lọ. Olùdókòòwò gidi kì í sọ̀rọ̀ báyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ̀ pé ẹ ń kà á. Bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ló ń wò. Bookneto ò di òkìkí, Fora ò di òkìkí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ṣe wọ́n ti mọ́ iṣẹ́ kó tó dé ìdí Andela. Ẹ má gba owó tí ẹ ò ní ìwé fún. Ẹ má ṣèlérí ìlọ́po mẹ́ta fún ìyá yín. Ẹ wá ẹni tí ẹ jọ máa ṣe é, torí pé nínú gbogbo ìtàn tí mo sọ yìí, kò sí ẹyọ kan tí ẹnì kan ṣoṣo dá ṣe. Tó bá sì tó àkókò láti gbé e fún ẹlòmíì, ẹ má di àga mú.

Gbogbo ìyá tó ń gbàdúrà lórí ọmọ, mo bá yín gbà á láàárọ̀ yìí: ọmọ yín á rí iṣẹ́ tó ní láárí ṣe. Á rí olùrànlọ́wọ́ tó jẹ́ olóòótọ́. Ohun tó bá kú lọ́wọ́ ẹ̀ kò ní í pa ilé yín, ohun tó bá hù lọ́wọ́ ẹ̀ kò ní í kọjá agbára ẹ̀. Àwọn onísogúndogójì kò ní í mọ ọ̀nà ilé yín. Ní orúkọ Jésù.

Ẹ kọ Àmín yín sísàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìyá kan tó ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ ẹ̀ nítorí startup ọmọ, kó fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i lónìí, kó má dúró di ọ̀la. Ọjọ́rú la máa pàdé fún ẹ̀kọ́ Bíbélì, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbéèrè nípa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ mú un dání wá.